Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ṣòkòtò Alápá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tí wọ́n fi páànù kàn lórí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí ó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láì wò ó.

Ọdún tí ooru wá mú bí ẹni pé oòrùn ti kó wá bá wọn gbé, nǹkan yí padà. Tó bá ti di ọ̀sán, òógùn á máa kán tó tó tó sórí aṣọ, irin ẹ̀rọ á gbóná bí ààrò, ojú á sì máa ṣe bàìbàì. Ọ̀gá wọn, tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ó bá wọn ra fáànù ńlá kan. Atẹ́gùn gbígbóná ni ìyẹn ń fẹ́, ó ń fẹ́ bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ lọ, gbogbo wọn wá ń sáré lé e kiri bí ẹni ń lé adìẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Abẹ́rẹ́ rán apá ẹ̀wù mọ́ ìbàdí ṣòkòtò mẹ́fà. Èkeje, síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ló rán mọ́ ọn. Kò mọ̀ títí tó fi dìde lọ mumi, tí ṣòkòtò ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá fi ìbínú dé. Ó ní irú ọmọ wo ló ń fi ìdí na ọwọ́ sí olùkọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ fa àga rẹ̀ fún un, ó gbé abọ́ bọ́tìnnì síwájú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìwọ̀nyí. Mò ń bọ̀.”

Ọ́fíìsì Ọ̀gá ló gbà lọ, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tútù. Nígbà tó fi máa padà lẹ́yìn wákàtí kan, Ọ̀gá ti tú táì, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ó ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó kọ́kọ́ jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó di mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ yé òun alára.

“Mélòó ni, Ọ̀gá?”

“Ìyá, ẹ fún mi lómi ná.”

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kun òrùlé kí ooru lè dín kù. Iṣẹ́ wá ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, ó ń parí kí oòrùn tó dé àtàrí. Aṣọ tí wọ́n ń rán lójúmọ́ wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń na gbọọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án; ní báyìí, ìyàwó rẹ̀ ti ń tètè dé wá bá a pín in. Ó wá bi ìyàwó rẹ̀ bóyá Ọ̀gá ò lè jẹ́ kí wọ́n máa ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́ bíi tàtijọ́.

“Ẹ lọ bá mi bẹ̀ ẹ́,” ni ìyá náà wí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì, oorun sì gbé e lọ.