Ìwádìí Tí Mo Lọ Ṣe ní Àpòmù

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí ní Ìkirè. Ẹ má bínú, n kì í ka ìwé lásán, mo gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ àbúrò mi obìnrin, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni mò ń kọ́ kíláàsì mi. Ọlọ́pàá inú rẹ̀ a máa lu èèyàn kó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́ pé akọni ni. Ara mi ò gbà á. Gbogbo àwọn tí ọlọ́pàá náà ń lù, òǹkọ̀wé ò fún ìkankan wọn ní ìyá tàbí ilé. Mo ní kí wọ́n bọ́ aṣọ ìjọba lọ́rùn ọkùnrin náà wò, ṣé kì í ṣe ìpáǹle ló kù? Wọ́n ní mo ti le jù.

Ìwé yẹn ṣì wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ tí bàbá mi rán mi lọ sí Àpòmù láti wádìí àfẹ́sọ́nà àbúrò mi. Ẹni tó bá lọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ohun tó wá ṣe, mo bá ní yàrá tí mo máa rẹ́ǹtì ni mò ń wá. Ìyá télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ilé àfẹ́sọ́nà náà fún mi ní àga. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yin ọmọkùnrin náà: ó ń kí àgbà, kì í mutí, akin sì ni. Òun nìkan ló mú ẹni tó jí fóònù ládùúgbò. Ó rọra bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún wọn mú, ó wá na olè náà títí ó fi dákú.

Ara fu mí. Mo bi wọ́n bóyá olè náà bá a jà.

"Rárá o, ó ti kúnlẹ̀. Ó ti dá fóònù padà."

Mo délé, mo sọ ti olè tó kúnlẹ̀ fún bàbá mi. Mo ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwékíwèé tí mò ń kà ló ń dà mí láàmú, pé olè ni wọ́n nà, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan. Wọ́n mú fóònù láti sọ fún àwọn ará Àpòmù pé kí wọ́n máa bọ̀.

Àbúrò mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àǹtí mi," ó wí láìgbójú sókè, "ṣé ó kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀?"

Mo sọ fún bàbá mi pé mi ò tíì dárúkọ aago fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.