Olóòyì Tí Kúdí Ń Ṣe

Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, mo ń ti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì bọ̀ ní Lọ́tò, ní Mówè níbí, nígbà tí òórùn kan gbá mi nímú. Ọkùnrin tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì ló dáná sábẹ́ agolo, ó ń yọ́ òjé. Òórùn yẹn le, ó máa ń ta èèyàn lọ́fun. Àwọn tó ń kọjá ń fọwọ́ bo imú. Èmi dúró síbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi bi mí pé, "Mà, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n ó wà.

Kúdí ni mo rántí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé Ìbàfò lónìí kò lè mọ̀ pé odò ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, odò tí kò jìn, tí òṣíbàtà bo etí rẹ̀, tí èpìyà wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọn yóò máa fẹnu tọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín wò. Kúdíràtù, tí gbogbo wa ń pè ní Kúdí, ni ọ̀rẹ́ mi. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ju ìwọ̀ ẹja àti ọgbọ́n tó fi ń ṣe ìdẹ ẹja tí àwa ọmọdé ń pè ní olóòyì. Ekòló ni àwa yòókù fi ń pẹja. Kúdí kì í fọwọ́ kan ekòló. Ó ní ó ń rí òun lára.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò po amọ̀, yóò tẹ èkùrọ́ mọ́ ọn kó lè ní ihò kékeré, yóò wá sá a sóòrùn títí yóò fi le bí òkúta. Yóò tẹ́ ìwọ̀ sínú ihò náà, yóò da òjé tó ti yọ́ lé e. Bí òjé bá tutù, ó ti di orí ẹja kékeré kan nìyẹn, tí ìwọ̀ yọ nídìí rẹ̀. Kúdí á fi òwú dúdú di ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ọn, á gé agolo mílíìkì bí èékánná àtàǹpàkò, á fi òkúta lù ú kó lè jin díẹ̀ bíi ṣíbí, á sì fi wáyà tín-ínrín so ó kọ́ síwájú. Bó bá ń fà á nínú omi, agolo yẹn á máa pòòyì, á máa kọ mànà, èpìyà á sì máa sáré tẹ̀lé e bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Èmi náà gbìyànjú. Tèmi kì í yí. Ńṣe ló máa ń wọ́ tẹ̀lé okùn bí ẹni tí wọ́n fipá mú lọ síléèwé. Kúdí á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Eré ni fún èmi. Ọbẹ̀ ilé wọn ni fún Kúdí. Àìsàn ti dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti kú, ohun tí Kúdí bá sì mú bọ̀ láti odò ni wọ́n ń jẹ.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ kò dá. Olóòyì tó kù lọ́wọ́ Kúdí há sídìí òṣíbàtà, okùn já. Ó po amọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn kò yọ. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé wọn bó ti ń yọ́ òjé lórí iná èédú.

"Kúdí, amọ̀ yìí ṣì tutù," mo wí fún un. "Jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kí ni Ìyá mi máa wá jẹ lónìí?"

Ó da òjé sí i. Ẹni tó bá ti rí omi tó kán sínú epo gbígbóná mọ díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi inú amọ̀ ta òjé náà sókè sí i lójú. N kò gbọ́ igbe. Orúkọ mi ni mo gbọ́ tó ń pè jẹ́jẹ́, ọwọ́ méjèèjì lójú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ jí.

Ojú òsì fọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ọdún tó yí po, tọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà mìíràn, bí ojú kan bá ti fọ́. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ wá láti Ìfọ̀, wọ́n kó tìyá-tọmọ lọ. Lẹ́nu ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Wàá wá kí mi." Mo ní màá wá. Ọmọdé ni mí. N kò mọ ọ̀nà Ìfọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ àdúgbò tí wọ́n kó wọn lọ. Nígbà tí mo dàgbà, kò sígbà tí mo dé Ìfọ̀ tí n kì í béèrè obìnrin afọ́jú kan tó ń jẹ́ Kúdíràtù.

Lọ́dún tó kọjá ni obìnrin aláṣọ kan lọ́jà ibẹ̀ mú mi dé ilé wọn. Ọmọ Kúdí obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní Kúdí ni mo wá kí. Ó wò mí, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ Màmá tó wà ní Ìbàfò."

Ó fún mi ní àga kó tó sọ fún mi pé ìyá òun ti kú ṣáájú ààwẹ̀.

"Wọ́n máa ń yọ wá lẹ́nu pé ká mú àwọn lọ sétí odò yẹn," ó ní. "Mo mú wọn lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí a débẹ̀, mi ò rí odò kankan, mà. Wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ dí i, ilé ló kún ibẹ̀. Màmá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń tẹ́tí. Wọ́n ní, 'Omi ńkọ́?' Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà. Wọ́n béèrè yín náà. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi."

Ilé mi ní Mówè níbí kò jìnnà síbi tó jókòó sí yẹn. Bóyá mo wà ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ náà, tí mò ń wo tẹlifíṣàn.

Àwọn ọmọ ọmọ mi kò mọ ẹja tí kò ti inú fíríísà jáde. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló kù nínú ìgbà yẹn, omi nìkan ni mo lè dárúkọ. Bí òjò bá rọ̀ gan-an ní Ìbàfò, á wọlé tọ àwọn ará ẹ̀yìn ilé wa àtijọ́, wọ́n á máa gbọ́n ọn dànù, wọ́n á máa bú ìjọba. Ibi tí omi náà ń gbé tẹ́lẹ̀ ló ń wá. Mo ti lọ dúró sínú rẹ̀ rí, títí ó fi kan orúnkún mi, mo sì wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. N kò rí ẹja kankan.