Bíréèkì Tó Ń Mú Láàárọ̀

Lẹ́yìn tí bíréèkì já wa kulẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Atakpamé, ìyàwó mi ò wọ ọkọ̀ mi mọ́. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ sọ́jà. Ó ní òun ò bínú, ẹ̀rù ló ń ba òun. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ṣì ń rántí òórùn bíréèkì tó gbóná kọjá ààlà, àti bí pẹ́dàlì ṣe wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí òkìtì yanrìn tó gbà wá dúró.

Èmi àti àbúrò ìyàwó mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì, jọ lọ ra bíréèkì mìíràn ní ọjà Hédzranawoé ní Lomé. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù gbé oríṣi méjì síta: ti ọkọ̀ ìgboro, dúdú lásán, àti ti ọkọ̀ eré ìje, pupa fòò.

Ó fọwọ́ gbá pupa. "Patron, ọ̀gá mi, kò sí ohun tí ooru lè fi eléyìí ṣe."

Ọ̀rọ̀ ooru yẹn ló mú mi. Mo nawọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ lọ bá wọn díje ni?" àna mi bi mí.

"Rárá o. Mo fẹ́ dúró ni."

"Eléyìí ò ní tètè dúró fún yín láàárọ̀. Ó dìgbà tó bá gbóná kó tó mú dáadáa."

Mi ò gbà á gbọ́. Oníbàárà àna mi kan ní irú bíréèkì pupa yẹn lára ọkọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí onítọ̀hún ṣe ń gbé ọkọ̀ jáde nílé ní àdúgbò Attiégou, àna mi gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ ìyàwó mi, tó tẹ̀ lé wa kó tó lọ ra òróró lọ́jà, ó gbé e sójú títì, ó ní kí ọkùnrin náà dúró kó tó kàn án. Ọkùnrin náà tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọra gorí kẹ́ẹ̀gì, ó rún un.

"Kẹ́ẹ̀gì òróró mi!" ìyàwó mi kígbe.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ yín ni kẹ́ ẹ gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ ọlọ́kadà ńkọ́?" ló wí.

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Láti ọjọ́ tí bíréèkì ti já wa kulẹ̀, orí òkè ni ìbẹ̀rù mi ṣì wà, àmọ́ Lomé ni mo ń gbé, níbi tí bíréèkì kì í ti í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Dúdú la fi sí ọkọ̀ mi. Àna mi ní tí mo bá tún sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí n lo jíà kékeré, kí n má fi bíréèkì nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ìyàwó mi wọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo oríta, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí tèmi tó kan bíréèkì.