"Ẹ" fún Tantie, "O" fún Màmá

Ọmọbìnrin mi gbọ́ Yorùbá, kì í kàn sọ ọ́ ni. Bí mo bá ní kó bu omi wá, á bù ú wá, á sì fi Faransé dá mi lóhùn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, kò yí padà. Èmi tí mo parí girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó wá bá ọkọ mi ní Abidjan, n kò lè fi èdè mi sẹ́nu ọmọ tí mo bí.

Obìnrin kan ní àdúgbò Koumassi níbí wá ń kó àwọn ọmọ wa jọ sí àgbàlá rẹ̀ láti kọ́ wọn ní Yorùbá ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí wọn kì í lọ ilé ìwé. Abidjan ni wọ́n bí i sí. Yorùbá tirẹ̀ gan-an ń ta kókó. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ń sáré lọ bá àǹtí tí wọ́n ń fi Faransé pè ní "tantie", àwa obìnrin Yorùbá ibẹ̀ sì fi í ṣe ìyá ẹgbẹ́ wa. Níbi tí wọ́n ti ń yìn ín, èmi náà ṣe àmín. Ẹnu mi nìkan ló ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ mi ti ibẹ̀ dé, ó ní: "Màmá, o kú iṣẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Odidi gbólóhùn! Inú mi dùn, kí etí mi tó gbọ́ "o" yẹn.

"Ta lò ń sọ 'o' fún?"

"Ìwọ."

"Báwo lo ṣe ń kí tantie?"

"Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ṣàlàyé pé tantie ní "ẹ" ni *vous*, "o" ni *tu*. Ó ní ta ló ń pe ìyá ara rẹ̀ ní *vous*? Àlejò là ń pè bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn wá gba "ẹ", èmi tí mo lóyún ọmọ yìí gba "o".

Ní Ọjọ́rú kejì, mo tẹ̀ lé ọmọ mi lọ. Mo fẹ́ kí ojú ti obìnrin náà níṣojú gbogbo wọn. "Ìyá ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ti ń sọ 'o' fún ìyá wọn."

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. "Háà! *Vous* yẹn ti bà mí jẹ́! Ẹ̀yin ọmọ, mo kọ́ yín lódì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa tún un ṣe." Ó fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá jù ọ́ lọ ni "ẹ" wà fún, ìbáà jẹ́ òun ló bí ọ. Ọmọ kékeré kan nawọ́ sókè: "Ọlọ́run ńkọ́? A máa ń sọ pé 'Ìwọ Ọlọ́run'."

Láti orí ẹní, obìnrin náà béèrè pé: "Bí ẹ bá pọ̀ níbí, kí ni mo máa ń pè yín?"

"Ẹ̀yin!"

"Ọlọ́run ńkọ́, mélòó ni?"

"Ọ̀kan!" Gbogbo àgbàlá pariwo rẹ̀.

Èmi náà mọ̀ pé "ẹ̀yin" lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí obìnrin yìí. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn ni.

Bí a ṣe ń padà sílé, ọmọ mi nawọ́ sí àpò mi. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ó tún ní: "Tantie mọ èèyàn kọ́ gan-an, àbí?"

"Ó mọ̀ ọ́n," ni mo wí. Òótọ́ ni, ó sì ń ta mí lára títí di òní. Àmọ́ nígbà tí Ọjọ́rú mìíràn pé, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ bàtà.