Fáìlì Láti Ọ̀dọ̀ Babáṣọlá

Àjíbíkẹ́ Ọláyanjú kì í ṣe ojo. Jákàńdè Estate ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, tíṣà ará Èkìtì sì ni ìyá rẹ̀, ẹni tí kò gba ìtàn iwin láyè nínú ilé. Ọ́fíìsì kékeré kan ní Okota ló ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n ń bá àwọn ilé ìwòsàn tọ́jú. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ń ṣiṣẹ́, òmíràn jẹ́ adélé rẹ̀: ó ń gba ẹ̀dà gbogbo fáìlì, kó lè gbapò bí ti àkọ́kọ́ bá kú. Babáṣọlá, ọ̀gá wọn, ló kọ kóòdù tó ń ṣe ẹ̀dà náà. Ìgbà ọyẹ́ ló kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára, ó sì sun kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Àjíbíkẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Sherifdeen, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló wo ojú adélé.

"Àǹtí, fáìlì ṣì ń wọlé o."

"Láti ibo? Èyí tó ń fi ránṣẹ́ ti jóná."

"Ẹ wo orúkọ tó wà lára ẹ̀."

Babáṣọlá ni. Fáìlì kan wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e, orúkọ olóògbé lára gbogbo wọn. Sherifdeen bọ́ síta.

Ara Àjíbíkẹ́ bù máṣọ, àmọ́ ó ṣí kóòdù náà. Àlàyé tí Babáṣọlá kọ sórí rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀." Ẹnìkejì wo? Ó tọ kóòdù náà títí ó fi yé e. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ máa ń kó ẹ̀dà sí ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni adélé ti ń mú un díẹ̀díẹ̀. Orúkọ Babáṣọlá ni wọ́n sì fi ṣí ìpamọ́ náà.

Ó pa àlàyé àtijọ́ rẹ́, ó kọ tuntun: "Inú ìpamọ́ ni fáìlì ti ń wá, kì í ṣe láti ara kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá tilẹ̀ kú, fáìlì á ṣì máa wọlé títí ìpamọ́ á fi gbẹ. Ẹ má bẹ̀rù." Ó wá fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò ti olóògbé, kí ọkàn Sherifdeen lè balẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó ń ra àgbàdo sísun ní Apákún nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Àǹtí," ohùn Sherifdeen ń gbọ̀n, "kọ̀ǹpútà tuntun ti tún kú. Fáìlì ń wọlé, orúkọ yín ló wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan o jàre! Ṣé o ò ka àlàyé ni?"

"Mo kà á. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni."

Àjíbíkẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Nígbà tó pa fóònù, ó rọra fọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì lábẹ́ awọ.