Verlon àti Tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Ẹ bá mi wo Verlon Tackett o! Ní gbogbo òkè Kentucky tiwa yìí, kò sẹ́ni tó mọ ọta ìbọn dà bíi tiẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Òjé rírọ̀ tí a yọ lára ẹsẹ̀ mọ́tò àlòkù làwa ń yọ́. Verlon ní òjé tálákà nìyẹn. Ó lọ kó lẹ́tà òjé líle tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tó ti kógbá sílé fi ń tẹ̀wé, ó yọ́ ọ. Ọta tó dà níbẹ̀ le débi pé èékánná ò ràn án.

"Tí ọta bá ti le, òjé ò lè lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn láéláé," ló ń sọ káàkiri.

Lọ́dọọdún, kí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó dé, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń jẹ tòlótòló, a máa ń yìnbọn díje lẹ́yìn ilé àwọn panápaná. Tòlótòló lẹni tó bá borí ń gbé lọ sílé. Lọ́dún yìí, Verlon ò jẹ́ kí Nadine ìyàwó rẹ̀ ra ẹran kankan.

"Kí n fowó ra ohun tí mo máa fìbọn gbà?"

Bẹ́ẹ̀ ó ti pe ìyá ìyàwó rẹ̀, Mọ́mì Opal, wá jẹun. Tó bá kùnà, ẹ̀wà lásán ni Nadine máa gbé síwájú ìyá tó bí i.

Lọ́jọ́ ìdíje, Mọ́mì Opal mú ọta náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọkọ ọmọ mi, eléyìí ti le jù fún ìbọn ìléwọ́ tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré. Kò ní fẹ̀ kún ọ̀pá. Iná á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á máa yọ́ òjé sílẹ̀ lọ́nà."

"Mọ́mì, ẹ fìyẹn sílẹ̀ fáwa ọkùnrin."

Háà! Ọta àkọ́kọ́ bá àárín páálí tí a ń yìn, Verlon wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù fi ń fẹ̀gbẹ́ wọ páálí bí ẹni ju kọ́kọ́rọ́. Dwight, aládùúgbò wa, yọjú wo inú ọ̀pá, ó rí òjé tó lẹ̀ mọ́ ọn yíká.

"Verlon, ṣé ìbọn lò ń yìn ni àbí ilé lò ń rẹ́?"

Ta ló wá gbé tòlótòló? Mọ́mì Opal ni o, pẹ̀lú ìbọn ọkọ rẹ̀ tó ti kú àti òjé tálákà.

Èmi náà lọ jẹun níbẹ̀. Ta ló máa pàdánù irú ẹ̀? Baálé ló ń gbàdúrà sórí oúnjẹ lọ́dọ̀ wa. Verlon dijú, ó sáré gbàdúrà: "Olúwa, a dúpẹ́ fún ẹran yìí, àmín."

Mọ́mì Opal ò lajú. "Kò tíì kan àmín. Sọ fún Olúwa ẹni tó yìnbọn gbà á."

Nadine di ọ̀bẹ mú, kò gé nǹkan kan. Ebi ń pa gbogbo wa.

"Àti fún Mọ́mì Opal," Verlon kùn.

"Òjé wo ló fi yìn ín?"

Ọrùn Verlon pọ́n wẹ̀. "Òjé tálákà."

Àmín Nadine ló ròkè jù.