Bàbá Aago-Mẹ́rin àti Ọkọ̀ Tí Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ yìí, orí òkè ló wà. Omi tó sún mọ́ ọn jù lọ ni èyí tí wọ́n fi ń fọ abọ́ nílé ìdáná. Síbẹ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, àwa mẹ́fà tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ lọ́rùn, irú èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ fún èèyàn nínú ọkọ̀ kó má bàa rì sínú òkun. Bàbá ìyàwó mi dúró níwájú wa, fèrè lọ́rùn, ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń kà wá.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún." Wọ́n wá fọwọ́ lu àyà ara wọn. "Ẹ̀fà, èmi náà nìyí."

Ni wọ́n bá fọn fèrè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí kálukú lè mọ ibi tó máa sá gbà bí ewu bá dé. Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀, ó rí èèyàn mẹ́fà nínú ẹ̀wù òkun, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wa. Ó yí padà, ó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé kó fi báàgì sílẹ̀. Kí n tó lanu, ilẹ̀kùn ti ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ ti ń dún gìrìgìrì lórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lórí ẹ̀. Obìnrin kan gbé ìrọ̀rí, ó gbàgbé ọkọ.

Nígbà tí a fi máa dé ìta, ogójì èèyàn ti ń gbọ̀n níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń retí omi. Ẹ̀rù ba èmi náà, mo sì mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Máníjà sáré dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi wo ló ń bọ̀?"

Bàbá wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Kò burú. Àmọ́ àwọn ti àjà kejì lọ́ra."

A ò tíì jẹun ọ̀sán tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì fi ní ká máa lọ.

Aago ni Bàbá ń tún ṣe láyé, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Bí o bá gbé aago wá, wàá gba ìmọ̀ràn họ́lídé mọ́ ọn, o béèrè o, o ò béèrè o. Ìmọ̀ràn náà wà fún àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi ṣùgbọ́n tí nǹkan kan dá wọn dúró sórí ilẹ̀. Rélùwéè tí wọ́n ń sùn nínú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní, "Yàrá ẹ ń bá ẹ rìn, ẹrù ẹ wà lójú kan, wọ́n ń gbé oúnjẹ bọ̀, ìlú ń kọjá lójú fèrèsé. Ọkọ̀ ojú omi gan-an ni, wọ́n kàn yọ omi kúrò lábẹ́ ẹ̀." Ìkejì ni ilé ìgbafẹ́ ńlá létí adágún, níbi tí èèyàn ti máa tú ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkẹta ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn kiri fún ọ̀sẹ̀ kan, dírẹ́bà kan náà, àga kan náà. Èyí tí wọn ò fẹ́ gbọ́ rárá ni kéèyàn lọ kí ẹbí. Wọ́n á ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìsinmi. Ta ló máa lu agogo oúnjẹ fún ẹ níbẹ̀?"

Òfin wọn kò pọ̀, àmọ́ ó le. Ibikíbi tí a bá lọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a gbọ́dọ̀ padà dé. "Aago mẹ́rin, ọkọ̀ ń lọ. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ẹnu yìí ni wọ́n fi gba orúkọ, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Bàbá Aago-Mẹ́rin. Àyà àwọn ọmọ mi méjèèjì á máa já láti aago mẹ́ta lọ. Wọ́n gbà pé lóòótọ́ ni bàbá ìyá wọn máa fi ẹni tó bá pẹ́ sílẹ̀.

Ọdún kẹta tí mo ti ń bá wọn rìn ni mo tó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn, ọmọ mi kejì pẹ́ ní ilé ìyàgbẹ́ kan lójú ọ̀nà. Aago mẹ́rin lù. Bàbá wo ọ̀nà, wọ́n wo aago, wọ́n wo ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣì dúró."

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì wo?"

Tíṣà ni mí, ohun tí wọ́n sì ń pè mí nìyẹn. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìbéèrè ẹ pọ̀ jù."

Kí ló fà á tí èèyàn tó fẹ́ràn òkun báyìí fi ń gbé wa gun òkè kiri? Màmá ni, ìyá ìyàwó mi. Àwọn méjèèjì jọ máa ń wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà dúró ní èbúté kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti rìn kiri. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, ọkọ̀ ti ń lọ. Kò tíì jìnnà. Wọ́n ń rí àwọn èèyàn lójú ọkọ̀ tí wọ́n ń juwọ́ sí wọn. Oògùn ọkàn Bàbá wà nínú ọkọ̀, ìwé ìrìnnà wọn wà nínú ọkọ̀, wọn ò sì mọ ẹnì kankan ní gbogbo ìlú náà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì èbúté, tí Màmá ń gbọ́ mímí ọkọ wọn, tí wọ́n ń retí ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ní àwọn ò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Bí a ṣe ń sọ ìtàn náà nínú ẹbí ni pé Màmá ló fà á, pé bàtà ni wọ́n ń rà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pẹ́ nínú ilé wa, a ó ní, "Ṣé bàtà ni ìwọ náà ń rà?" Màmá á rẹ́rìn-ín. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òkè oníkùrukùru.

Bọ́ọ̀sì alárìnká kan ló gbé wa lọ, àwa àti èèyàn méjìdínlógún mìíràn. Láàárọ̀, ẹni tó ń fọ̀nà hàn wá mú wa dé ibi tí ilẹ̀ ti tán. Ó ní ká ju òkúta sísàlẹ̀. A jù ú, a dẹtí, a ò gbọ́ ibi tó balẹ̀ sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ní aago mẹ́ta kọjá, Màmá àti ìyàwó mi ń padà bọ̀. Òkúta wọ bàtà Màmá. Wọ́n ní, "Máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ." Ìyàwó mi rìn díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ọ̀nà tó gbà wá mọ́. Kùrukùru ti bolẹ̀. Nígbà tó fi dé ibi bọ́ọ̀sì, mi ò rí bàtà ẹsẹ̀ ara mi mọ́.

A pe fóònù Màmá. Orí àga wọn nínú bọ́ọ̀sì ló ti dún.

Aago mẹ́rin lù. Dírẹ́bà ní bí aago márùn-ún bá lù, wọ́n á ti géètì ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀, àti pé bí kùrukùru yìí bá ki jù báyìí lọ, òun ò ní lè wa ọkọ̀. Ó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ òkè á wá Màmá rí. Àwọn èrò yòókù ò burú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Obìnrin kan ní, "Ẹ má bínú, àwa náà lọ́mọ nílé." Ìyàwó mi fẹ́ padà wọ inú kùrukùru náà, èmi àti ọkùnrin kan la dì í mú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òkúta àárọ̀, àmọ́ òun ni gbogbo wa ń gbọ́ bí kò ṣe balẹ̀.

Àga iwájú ni Bàbá wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dírẹ́bà. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ láti pariwo pe Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó padà wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ò dún. Ó tún yí i. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó ń fọwọ́ kan èyí, ó ń fọwọ́ kan tọ̀hún.

Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnnì ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀." Wọ́n mú fèrè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Mo bá wọn lọ, mo di apá wọn mú, torí ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn náà á rìn wọ inú kùrukùru. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọn fèrè náà, wọ́n ń wo aago wọn. Wọ́n á fọn ọ́n, a ó dẹtí. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n á tún fọn ọ́n. Ó tó ìgbà ogún tí wọ́n fọn ọ́n kí n tó gbọ́ tí wọ́n ní, "Tíṣà."

Mo ní, "Ẹ̀n, sà."

"Kì í ṣe bàtà."

Mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n ní, "Ní èbúté. Kì í ṣe Ìyá wọn ló pẹ́. Wọ́n sọ fún wa nínú ọkọ̀ pé aago ọkọ̀ àti aago ìlú náà ò dọ́gba, pé ká yí aago wa síwájú. Mo ní n kò yí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún aago yẹn ṣe tán ni, mo ní kò sí èyí tó péye tó o. Ó ń sọ pé ká máa lọ, mo ní ṣé òun fẹ́ kọ́ mi ní aago ni." Wọ́n fọn fèrè. Ẹnu wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. "Mo jẹ́ kó gba ẹ̀bi náà fún ọdún mọ́kànlá. Bó bá kú sórí òkè yìí, kí ni mo fẹ́ wí?"

Mo kàn di apá wọn mú.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn kan lápá òsì, ó rẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí i. "Ta ló ń fọn fèrè yìí bí ẹni tí ilé ń jó?"

Màmá jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ní àwọn ti jókòó sójú kan, wọ́n ń sunkún, kí àwọn tó gbọ́ fèrè wèrè náà. Wọ́n wá rí iná bọ́ọ̀sì lẹ́yìn wa, ohùn wọn yí padà. "Mo rò pé ẹ ti lọ."

Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnnì ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀, Ìyá wọn."

Nígbà tí a wọkọ̀, èmi àti ìyàwó mi rí ọwọ́ Bàbá tó ti inú àpò yọ, tó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì jáde lófìfo. Fíúsì kékeré kan tí ọkọ̀ ò lè dún láìsí i ni wọ́n dá padà síbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún, èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago márùn-ún lù ni a kọjá géètì ìsàlẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kú, lórí àga ṣọ́ọ̀bù wọn, ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò pẹ́ síbi kankan mọ́, títí kan ọ̀run: aago mẹ́rin ò tíì lù.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ tó gbé pósí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé. Àwọn tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú ní aago mẹ́rin àbọ̀ ni àwọn ń tilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin lù, Màmá ò jáde. Èmi àti ìyàwó mi wọlé lọ bá wọn. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti dúró rí, mo wo ọkọ̀ tó ń lọ lójú mi. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Mo sọ fún wọn ohun tí Bàbá sọ lórí òkè, ọ̀rọ̀ aago.

Màmá ní, "Mo mọ̀. Aago ńlá wà lára ògiri èbúté yẹn, mo wò ó. Ẹni tó ń tún aago ṣe, kí gbogbo ayé máa sọ pé aago ẹ̀ pẹ́? Ó kúkú sàn kó jẹ́ bàtà."

Ìyàwó mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti jáde. Láti ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ dírẹ́bà ọkọ̀ òkú tó ń yí kọ́kọ́rọ́, tó tún ń yí i, tí ọkọ̀ ò dún. Ọkùnrin náà ní, "Kí ló tún dé báyìí?"

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, ó rọra ń dá a lóhùn. "Ẹ́ńjìnnì ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣì dúró."

Màmá gbójú sókè. Èjìká wọn kọ́kọ́ mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì wọ bàtà kejì.

Níta, wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ wọn, ìyẹn fi fíúsì tó yọ lára ọkọ̀ náà lé wọn lọ́wọ́. Màmá gbé e fún dírẹ́bà, wọn ò ṣàlàyé kankan fún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí wa, wọ́n kà wá: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi méjèèjì.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Wọ́n fọwọ́ lu àyà ara wọn. "Àrún, èmi náà nìyí."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé pósí.

"Ẹ̀fà," wọ́n ní. "A pé. Ẹ máa wà á lọ."